Kodak ló kọ́kọ́ ṣe kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù. Kí ló wá gbé e ṣánlẹ̀?

Lọ́dún yìí nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹ̀gbọ́n mi kan fi ránṣẹ́, àwọn tí a jọ lọ sí girama fi ránṣẹ́, alága ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù wa tiẹ̀ fi ohùn ara rẹ̀ kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé lọ́dún 1998, ilé iṣẹ́ Kodak tó ń ṣe fíìmù fọ́tò ní òṣìṣẹ́ 170,000, pé kò pẹ́ kò jìnnà, gbogbo ẹ̀ pòórá, nítorí àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ò mọ̀ pé ayé ti ń yí. Lẹ́yìn náà ni ìkìlọ̀ á tẹ̀ lé e: ọpọlọ àtọwọ́dá ti dé, ẹ̀yin náà ẹ tètè jí.

Ìtàn náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ Kodak ò tó 90,000 mọ́ lọ́dún 1998. Ọdún 1988 ni wọ́n pọ̀ jù, nǹkan bí 145,000 sì ni wọ́n nígbà náà. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó èyí tí wọ́n ní àwọn ọ̀gá Kodak ò mọ̀. Wọ́n mọ̀. Inú ilé wọn gan-an ni wọ́n ti ṣe kámẹ́rà àkọ́kọ́ tí kì í lo fíìmù, nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlógójì kí wọ́n tó lọ sọ fún ilé ẹjọ́ pé gbèsè ti wọ àwọn lọ́rùn. Ẹni tó bá gbà pé àìmọ̀ ló pa Kodak á máa rò pé tí òun bá ti mọ̀, òun ti bọ́ nìyẹn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dojú rú.

Kí ni ìhùmọ̀, kí ni ìmúdọ̀tun?

Ọ̀rọ̀ méjì yìí làwọn èèyàn máa ń pò pọ̀. Ìhùmọ̀ ni kí ẹnì kan ronú, kó sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí. Ìmúdọ̀tun ni kí ohun náà wọnú iṣẹ́, kó yí bí wọ́n ṣe ń ṣe é padà, kí àwọn èèyàn sì máa fi owó wọn rà á. Ẹnì kan ṣoṣo lè wà nínú yàrá kó humọ̀ nǹkan. Ìmúdọ̀tun ò lè ṣeé ṣe bí akáǹtàǹtì, àwọn tó ń tajà, àwọn tó ń ṣe ọjà àti oníbàárà ò bá fohùn ṣọ̀kan lé e lórí.

Rírà náà kì í ṣe ìmúdọ̀tun o. Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní ọ́fíìsì kan tí ọ̀gá ra kọ̀ǹpútà mẹ́rin pé ká máa fi kọ orúkọ àwọn oníbàárà sílẹ̀. Aṣọ léèsì funfun la fi bò wọ́n kí eruku má bàa bà wọ́n jẹ́. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn pupa la ṣì ń kọ, torí ìwé yẹn ni akáǹtàǹtì máa ń wò kó tó fọwọ́ sí owó ẹnikẹ́ni. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa á ṣí léèsì kúrò, á wá máa da ohun tó wà nínú ìwé kọ sínú kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Iṣẹ́ kan ti di méjì. Bí wọ́n bá sì ní kí ọ̀gá wa sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé àwa ti gba ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun wọlé.

Nígbà tí wọ́n bá wá ń sọ pé ilé iṣẹ́ kan mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso ohun tuntun, ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ò pọ̀. Ta ló máa fún ohun tuntun yìí lówó? Ta ló máa dúró tì í nígbà tí kò tíì mú owó kankan wọlé? Iṣẹ́ àtijọ́ tó ń bọ́ gbogbo ilé ńkọ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i? Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló le jù, òun ló sì mú Kodak.

Kí ni Kodak ń tà gan-an?

Bí ẹ bá bi èèyàn, kámẹ́rà ló máa sọ. Kámẹ́rà kọ́. Ẹ jẹ́ ká fi làńtà ṣàpèjúwe. Ká ní ẹnì kan ń ta làńtà lówó pọ́ọ́kú, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jèrè lórí ẹ̀, àmọ́ tó jẹ́ pé òun náà ló ń ta kẹrosíìnì fún gbogbo àdúgbò. Ẹ ti mọ ibi tí owó ti ń wọlé nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń ra làńtà. Alaalẹ́ ló ń jó epo.

Bí Kodak ṣe ń ṣe nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1888, George Eastman, ará Rochester ní ìpínlẹ̀ New York, gbé kámẹ́rà kan jáde tó ń tà ní dọ́là 25. Fíìmù tó máa ya ọgọ́rùn-ún fọ́tò ti wà nínú ẹ̀. Tí ẹ bá yà á tán, odidi kámẹ́rà náà lẹ máa dá padà sí Rochester, wọ́n á bá yín fọ fọ́tò, wọ́n á ki fíìmù mìíràn bọ̀ ọ́. Nígbà tó di ọdún 1900, wọ́n ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Brownie, dọ́là kan péré. Làńtà wá di ti tẹrú tọmọ. Fíìmù, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ àti bébà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí, epo nìyẹn.

Ìran tiwa tó gbọ́njú kí fóònù tó dé mọ bí epo yẹn ṣe wọ́n tó. Àbúrò bàbá mi ní ìsọ̀ fọ́tò nítòsí Mápó n'Ìbàdàn, Bọ̀ọ̀dá Fọ́tò la máa ń pè é. Fíìmù oní-36 ló ń lò. Níbi ìkómọ, á máa kà á sínú. Tó bá ku mẹ́rin, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èèyàn pọ̀ pé kí ẹbí ìyá ìyàwó jọ dúró, torí kò ní lè ya ẹni kọ̀ọ̀kan wọn mọ́. Àwa ọmọdé tá a bá ń fà á láṣọ pé kó yà wá, á ní ká rẹ́rìn-ín, iná kámẹ́rà á bù yẹ̀rì, inú wa á dùn. Ó tó ọdún mẹ́wàá kó tó jẹ́wọ́ fún mi pé iná lásán ni, fíìmù ò yí rárá. Kò fẹ́ ṣòfò. Gbogbo ìgbà tí ìka ẹ̀ bá tẹ bọ́tìnnì yẹn, owó ló ń lọ sọ́wọ́ ẹni tó ṣe fíìmù. Ẹ wá fojú inú wo ìkómọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú gbogbo ayé.

Báwo ni kámẹ́rà tuntun náà ṣe wáyé?

Lọ́dún 1975, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Steven Sasson ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà ní Kodak. Kò tíì ju ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ. Ọ̀gá ẹ̀ gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kékeré kan fún un, irú èyí tó máa ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná, ó ní kó lọ wò ó bóyá wọ́n lè rí nǹkan fi ṣe. Sasson lọ tú ojú gíláàsì lára kámẹ́rà sinimá, ó wá bátìrì mẹ́rìndínlógún, ó so rẹ́kọ́dà kásẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó tò ó tán, ó wúwo ju kílò mẹ́ta ààbọ̀ lọ.

Nínú oṣù Kejìlá ọdún yẹn, òun àti ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, wọ́n sì yà á. Ìṣẹ́jú àáyá 23 ni kásẹ́ẹ̀tì fi gbà á sílẹ̀. Wọ́n gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ sínú ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Irun ọmọbìnrin náà hàn dúdú, ẹ̀yìn ẹ̀ hàn funfun, àmọ́ ojú ẹ̀ dà rú bí ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ò bá mú àwòrán. Ó wò ó, ó ní iṣẹ́ ṣì kù níbẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì jókòó ti wáyà títí wọ́n fi rí i pé sódì ni wọ́n so ó. Wọ́n tún un so, ojú bá yọ.

Àmì tíntìntín 10,000 péré ló para pọ̀ di àwòrán náà, ọgọ́rùn-ún níbùú, ọgọ́rùn-ún lóròó. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ń lo mílíọ̀nù lọ́nà mẹ́wàá sókè.

Lọ́dún 1976, wọ́n gbé e káàkiri ìpàdé àwọn ọ̀gá. Sasson á ya àwọn tó jókòó, ojú wọn á yọ lórí tẹlifíṣọ̀n níwájú wọn níbẹ̀. Ó ní kàkà kí wọ́n bi òun bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n ń bi òun ni pé ta ló máa fẹ́ wo fọ́tò ara ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ibo ni wọ́n máa tọ́jú ẹ̀ sí, ọdún wo ló máa tó tà. Ó ṣírò ẹ̀, ó ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Lọ́dún 1978, ìjọba Amẹ́ríkà fún wọn ní ìwé pé àwọn ló ni ìhùmọ̀ náà. Ìhùmọ̀ parí síbẹ̀ yẹn. Ìmúdọ̀tun ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí wọn ò fi gbé e jáde?

Ẹ padà sọ́dọ̀ onílàńtà wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ ẹ̀ wọlé, ó gbé iná sólà kékeré kan lọ́wọ́. Oòrùn ló ń gbà, kò lo kẹrosíìnì. Bàbá wò ó. Iná náà ń ṣe bàìbàì, ó wọ́n, ó sì tóbi. Ìyẹn kọ́ ló bà á lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ẹni tó bá ra èyí lónìí ò tún ní padà wá ra epo láé. Owó epo ló fi ń rán gbogbo ọmọ lọ sílé ìwé, ìyẹn tó ṣe iná sólà náà wà níbẹ̀. Ó ti yáwó fi ra tánkà. Ẹ̀gbọ́n tó ń bójú tó ọjà epo ló ń kó owó tó pọ̀ jù wálé, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló sì máa ń lékè níbi ìpàdé ẹbí. Ṣé bàbá yìí gọ̀ ni? Lójú tèmi, kò gọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ni ìṣirò ẹ̀.

Yorùbá ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ti Kodak tún yàtọ̀, torí ikú ilé yìí ò bínú sí ẹnikẹ́ni, ọmọ tó ń ṣe dáadáa ni.

Lọ́dún 1981, Sony pàtẹ kámẹ́rà kan tí wọ́n pè ní Mavica, kò lo fíìmù. Ara Kodak ò balẹ̀. Vince Barabba tó jẹ́ olórí àwọn tó ń ṣèwádìí ọjà fún wọn lọ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Èsì tó mú wá ni pé kámẹ́rà tuntun lè gba ọjà mọ́ fíìmù lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ ó máa tó ọdún mẹ́wàá kó tó rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi àkókò yẹn múra. Àyẹ̀wò náà tọ̀nà. Mo máa ń rò ó pé ọdún mẹ́wàá yẹn gan-an ló ṣe wọ́n ní jàǹbá. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ilé yín máa wó lọ́la, ẹ máa kó jáde lálẹ́ yìí. Bó bá jẹ́ pé ọdún mẹ́wàá òní ni, ẹ máa kun ún lọ́dà. Ọ̀gá tó máa fẹ̀yìn tì lọ́dún mẹ́rin sí i, kí ló kàn án?

Ọ̀dà náà ni wọ́n kùn. Ìmọ̀ tuntun tó yẹ kó rọ́pò fíìmù, wọ́n fi ń ti fíìmù lẹ́yìn. Lọ́dún 1996, wọ́n gbé ètò kámẹ́rà àti fíìmù kan tó ń jẹ́ Advantix jáde, owó tí wọ́n ná lé e lórí ju 500 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe kámẹ́rà kan nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ kí ẹ rí fọ́tò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yà lójú kámẹ́rà, kí ẹ lè sọ iye ẹ̀dà tí ẹ fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ gbé fíìmù inú ẹ̀ lọ fọ̀. Ó dà bí ẹni tó fi sólà sára làńtà kó lè máa fi wo iye kẹrosíìnì tó kù.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ń bá Bọ̀ọ̀dá Fọ́tò fọ fíìmù yáwó ra ẹ̀rọ ńlá tó ń fọ fọ́tò aláwọ̀, ní àsìkò tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀ nílẹ̀ wa. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá sọ fún un pé àwọn oníbàárà ti ń béèrè kámẹ́rà onímẹ́mọ́rì, ó ní kó fi wọ́n sílẹ̀, pé nǹkan ìgbàlódé tó máa kọjá lọ ni. Ó kù ọdún mẹ́ta kó san owó ẹ̀rọ tán. Kí lẹ fẹ́ kó sọ?

Ṣé wọn ò wá gbìyànjú rárá ni?

Wọ́n gbìyànjú gan-an, apá yìí sì ni àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp ò ní sọ fún yín. Lọ́dún 1991, Kodak gbé kámẹ́rà aláìlófíìmù kan jáde fún àwọn oníròyìn, ara kámẹ́rà Nikon ni wọ́n kọ́ ọ sí, owó ẹ̀ tó nǹkan bí 20,000 dọ́là. Lọ́dún 1994, àwọn ló bá Apple ṣe kámẹ́rà QuickTake. Lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà EasyShare tiwọn dé, nígbà tó sì di ọdún 2005, Kodak ló ń ta kámẹ́rà aláìlófíìmù jù lọ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gba ipò kìíní!

Àmọ́ ipò kìíní lórí títa làńtà ni, kò sí epo mọ́. Fíìmù ṣòro láti ṣe. Ilé iṣẹ́ tó lè ṣe fíìmù aláwọ̀ tó dáa ní gbogbo ayé ò ju ìka ọwọ́ lọ, ìdí nìyẹn tí èrè ẹ̀ fi pọ̀. Kámẹ́rà tuntun ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti lè ra àwọn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ inú ẹ̀ lọ́jà lè tò ó pọ̀, iye ẹ̀ sì ń já wálẹ̀ lọ́dọọdún. Kodak ò tíì rí ẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ tí fóònù fi gbé kámẹ́rà mì.

Òun nìkan kọ́ ló sì ṣubú. Polaroid ti wọ gbèsè lọ́dún 2001, AgfaPhoto ti Jámánì tẹ̀ lé e lọ́dún 2005, Konica Minolta ti Japan kéde lọ́dún 2006 pé àwọn ò ṣe kámẹ́rà àti fíìmù mọ́. Nígbà tí Kodak fi máa lọ sílé ẹjọ́ ní January 19, 2012, òpópónà yẹn ti kún fún òkú. Bí ẹnì kan bá ní ọ̀lẹ ni gbogbo wọn, mi ò bá a jiyàn, àmọ́ mi ò gbà.

Kí ni Fuji ṣe tí Kodak ò ṣe?

Fujifilm ti Japan náà ń ta epo. Lọ́dún 2000, tí títa fíìmù pọ̀ jù ní gbogbo ayé, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta èrè wọn ló ń wá láti ara fọ́tò. Kò ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ọjà fíìmù fi ṣẹ́ kù ìdá kan nínú mẹ́wàá, kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Shigetaka Komori ló wà lórí àga.

Dípò kó béèrè pé "Kí là ń tà?", ó ní kí wọ́n lọ ka gbogbo ohun tí wọ́n *mọ̀ ọ́n ṣe*. Ó jọ ọ̀rọ̀ kan náà, kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó ń ta fíìmù mọ bí wọ́n ṣe ń to nǹkan bí ogún ìpele kẹ́míkà, tí gbogbo wọn lápapọ̀ kò nípọn tó irun orí, léra wọn lórí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó mọ kolájìn, èròjà kan tó wà nínú awọ ara, torí àtinú ẹ̀ ni gẹlatíìnì inú fíìmù ti ń wá. Ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo àwọ̀ fọ́tò kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ má bàa jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀, kolájìn ló mú ara èèyàn dán, oòrùn àti afẹ́fẹ́ náà ló sì ń sọ ọ́ di hunjọ. Fuji bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpara. Astalift ni wọ́n pè é, ọdún 2007 ló jáde. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn náà, wọ́n ń ṣe é fún ojú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde. Lọ́dún 2008, wọ́n ra ilé iṣẹ́ oògùn Toyama.

Wọ́n dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ dúró kí wọ́n tó débẹ̀ o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìpara nìkan sọ ìtàn yẹn fún yín. Oríire náà wà ńbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọjà tẹlifíṣọ̀n máa ràn tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń ya èmi lẹ́nu ni pé Kodak ní kẹ́míkà tó tó ti Fuji. Lọ́dún 1988, wọ́n fi bílíọ̀nù 5.1 dọ́là ra ilé iṣẹ́ oògùn Sterling Drug. Nígbà tó di 1994, gbèsè ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n tà á. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ya Eastman Chemical, ẹ̀ka kẹ́míkà wọn, sọ́tọ̀ kó lọ dá dúró. Ó ṣì ń ṣe dáadáa títí dòní. Wọ́n tú gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ká kí wọ́n lè gbájú mọ́ ohun tí wọ́n ń tà, ohun tí wọ́n sì ń tà ló kú.

Báwo lẹ ṣe máa dá a mọ̀ níbi iṣẹ́ tiyín?

Bí ọ̀gá bá kéde pé ẹ̀rọ tuntun dé, tàbí pé ọpọlọ àtọwọ́dá ni a ó máa lò báyìí, ẹ má wo àsè tí wọ́n fi ṣí i. Ẹ wo ibi tí wọ́n fi í sí. Bó bá jẹ́ abẹ́ ẹni tí ẹ̀rọ náà máa gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀ ni wọ́n fi í sí, aṣọ léèsì ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ wo owó ẹ̀yẹ ìparí ọdún: ṣé lórí ọjà àtijọ́ nìkan ni wọ́n ṣì ń san án? Ẹ wá wo ìwé ńlá ẹlẹ́yìn pupa, bóyá ẹnikẹ́ni ti láyà láti gbé e kúrò lórí tábìlì.

Ṣé Kodak ti wá kú?

Rárá. Ó jáde kúrò nínú gbèsè ní September 2013, ó kéré gan-an sí ti tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ìtẹ̀wé fún àwọn ilé iṣẹ́ ló wá gbájú mọ́. Ó ṣì ń ṣe fíìmù ní Rochester. Lọ́dún 2015, àwọn ilé iṣẹ́ sinimá ńlá ní Hollywood bá a ṣàdéhùn pé àwọn á máa rà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ní ti Fuji, kámẹ́rà Instax tó ń tẹ fọ́tò jáde lójú ẹsẹ̀, tí wọn ò tà ju nǹkan bí 100,000 lọ lọ́dún 2004, ta ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ lọ́dún 2018. Àwọn ọmọ tí ò fọ fíìmù rí ló ń rà á.

Ìsọ̀ Bọ̀ọ̀dá Fọ́tò náà ṣì wà. Pásípọ́ọ̀tù ló ń tẹ̀ jáde láti orí fóònù àwọn èèyàn, ó tún ń lamínéètì ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ kẹ́yìn, obìnrin kan wá, ìyá ẹ̀ ti kú, ó ní òun ń wá fọ́tò tí Bọ̀ọ̀dá yà fún màmá náà níbi ìnáwó kan lọ́dún 1991. Bọ̀ọ̀dá lọ tú dúrọ́ọ̀, ó fa nẹ́gátíìfù kan yọ nínú àpò ìwé. Kò sí láàbù kankan mọ́ tó máa bá a fọ̀ ọ́. Ó bá na nẹ́gátíìfù náà sí ojú fèrèsé kí oòrùn lè gba inú ẹ̀ kọjá, ó fi fóònù yà á, ó tẹ ibì kan lójú fóònù kí dúdú di funfun, kí funfun sì di dúdú. Ó gbé e fún obìnrin náà. Ìyá wà níbẹ̀, gèlè lórí, ó ń rẹ́rìn-ín.